Òjòlá Tí Kò Fẹ́ Jẹun: Ìdáhùn sí Ìyá Kan ní Ìpata, Ìlọrin

Nínú àwọn ìbéèrè tí ń wá sọ́dọ̀ wa láti ilé àwọn òǹkàwé wa, díẹ̀ ni ó yà wá lẹ́nu tó èyí tí ó ti Ìlọrin wá, láti inú ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìpata. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé náà ra òjòlá kékeré kan lọ́wọ́ ọdẹ tí ìbá tà á fún àwọn ẹlẹ́ran ìgbẹ́. Ó gbé e wálé nínú àpò, ó sì fi àpótí ṣe ilé fún un. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, ejò náà kò tíì fi ẹnu kan ohunkóhun. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ̀wé sí wa. Obìnrin náà kò fẹ́ràn ejò, kò sì fi èyí pamọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ òun kò sùn dáadáa mọ́, àti pé òun kò lè jókòó kí òun máa wo ẹ̀dá alààyè kan bí ó ti ń fi ebi kú lọ nínú ilé òun. Àwọn aládùúgbò ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi igi ṣí i lẹ́nu kí wọ́n sì da ẹyin adìyẹ sí i lọ́fun. Kí wọn ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kí òun kọ́kọ́ bi wá léèrè. Ó tún béèrè pé, nígbà tí ẹran kún Ìpata tó bẹ́ẹ̀, èéṣe tí ejò kan ṣoṣo kò fi rí jẹ?

Ó ṣeun tí ó kọ́kọ́ béèrè. Kí wọ́n sọ igi náà nù.

Ẹran pọ̀ ní Ìpata nítòótọ́. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ bí ọjà ẹran àti ọjà ata ti ń rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ẹran orí àtẹ síwájú òjòlá, lójú tirẹ̀ kò sí oúnjẹ níbẹ̀ rárá. Òjòlá kì í jẹ ègé ẹran. Odidi ẹran ni ó ń gbé mì, pẹ̀lú irun, egungun, ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀. Láti inú egungun ẹran náà ni ó ti ń rí ohun tí ń mú egungun tirẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojú nìkan ni ó fi ń mọ oúnjẹ. Ahọ́n rẹ̀ tí ń yọ síta tí ó sì ń padà wọlé ni ó fi ń kó òórùn inú afẹ́fẹ́ lọ sí òkè ẹnu rẹ̀, níbi tí ó ti ń dá a mọ̀. Àwọn ihò kéékèèké kan sì wà ní ètè òkè rẹ̀ tí ó fi ń mọ ooru ara eku tàbí ẹyẹ nínú òkùnkùn biribiri. Ègé ẹran màlúù kò gbóná, kò rùn bí eku, kò sì mira. Ọ̀rọ̀ ẹyin adìyẹ kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ, nítorí irú ejò yìí kì í jẹ ẹyin.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ejò tí à ń sọ. Bí ìyá náà ti júwe rẹ̀, pé ó kúrú, ó sanra, ó dúdú pẹ̀lú àmì ràkọ̀ràkọ̀ tí ó dàbí ewé gbígbẹ, àti pé bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án ó ń ká ara rẹ̀ jọ ṣìkìtì tí ó sì ń fi orí pamọ́ sí àárín, èyí ni òjòlá kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ùgáńdà ni a ti ń rí i, nínú pápá àti nínú ẹgàn tí kò dí púpọ̀. Kò dàbí erè ńlá tí ń gbé ewúrẹ́ mì. Ṣàṣà ni èyí tí gígùn rẹ̀ ń ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, kò sì ní oró. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀ ju ìbínú rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, a bẹ gbogbo ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé ìròyìn ṣe ẹlẹ́rìí lórí ejò tí wọ́n rí nínú oko. Paramọ́lẹ̀ náà kúrú, ó sì sanra, àmì sì wà lára rẹ̀. Àṣìmọ̀ kan ṣoṣo tó láti pa ọmọ ẹni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi ejò ti inú àpótí náà han ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dájú, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kí wọn ó tó ronú oúnjẹ rárá.

Nísinsìnyí, ohun tí ó lè ya ìyá náà lẹ́nu ni pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ni ìbéèrè kan náà ti gba oorun lójú wọn, lórí ejò kan náà, tí ó sì jẹ́ pé láti ilẹ̀ wa ni ó ti lọ. Láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn oníṣòwò ti ń kó òjòlá yìí láti Tógò, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀, èyí tí í ṣe Dàhòmì àtijọ́, lọ sí òkè òkun fún títà gẹ́gẹ́ bí ẹran ọ̀sìn inú ilé. Àpapọ̀ iye tí ó ti lọ ti kọjá mílíọ̀nù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìyí: ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ ń wú ihò inú pápá, wọ́n ń kó abo tí ó lóyún tàbí ẹyin tí ó ti yé, wọ́n ń tà wọ́n fún àwọn tí ó ní ọgbà ejò ní ẹ̀bá ìlú Lomé àti níbòmíràn, níbẹ̀ ni ẹyin náà sì ti ń pa, tí a sì ń kó àwọn ọmọ ejò náà sínú ọkọ̀ òfuurufú.

Nígbà tí àwọn òjòlá tí a mú láti inú igbó dé ọ̀hún, àwọn tí ó rà wọ́n fún wọn ní èkúté funfun, irú èyí tí a ń sìn nínú àgò. Ejò wo èkúté náà, ó sì gbé ojú kúrò. Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Òkìkí kàn láàárín àwọn òyìnbó pé òjòlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í jẹun, pé alágídí ni. A kò gbà pé alágídí ni. Ta ni ó fi èkúté funfun hàn án rí nínú pápá Tógò? Ohun tí ó mọ̀ ni ẹ̀dá, ẹ̀lírí, ẹmọ́, àfè àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ń sá kiri nínú koríko wa, òórùn ti àwọn wọ̀nyí sì yàtọ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó kan fún un ní irú eku aṣálẹ̀ kan tí ó fara jọ eku pápá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ejò tí ó ti ń gbààwẹ̀ ni ó gbé e mì lójú ẹsẹ̀.

Ìwádìí kan tilẹ̀ wà tí a ṣe ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Luca Luiselli àti Francesco Angelici, àwọn ará Ítálì, ni ó ṣe é, ìwé wọn sì jáde ní ọdún 1998. Wọ́n wo ohun tí ó wà nínú ikùn àwọn òjòlá tí ń gbé inú igbó, wọ́n sì rí i pé àwọn kékeré tí gígùn wọn kò tó sẹ̀ǹtímítà 70, ẹyẹ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ wọn, àti pé àwọn tí ó ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 100, eku àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n tún rí i pé àwọn akọ a máa gun igi ju àwọn abo lọ, wọn a sì máa jẹ ẹyẹ jù wọ́n lọ. Ẹ kíyèsí i dáadáa: ọ̀pọ̀ ọmọ òjòlá tí a ń fi eku rọ̀ pé kí ó jẹun, bóyá ọmọ adìyẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni ìbá mọ̀ ní oúnjẹ. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi okùn wọn gígùn ejò rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú oúnjẹ kọ́ ni ìdí àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ni. Nínú pápá, inú ihò eku àti inú ọ̀gán ni òjòlá yìí ń gbé lọ́sàn-án, níbi tí ara rẹ̀ ti ń kan ògiri ihò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Òru ni ó ń jáde. A mú un kúrò níbẹ̀, a gbé e sínú àpótí gbàǹgbà, àwọn ọmọ àdúgbò ń yọjú wò ó láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹnìkan ń gbé e sí ọrùn fún ẹlòmíràn láti rí. Èwo nínú wa ni yóò jókòó jẹ iyán ní àárín àwọn tí ó rò pé wọ́n fẹ́ pa òun? Ní Ouidah ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn abọ̀rìṣà ti ní ilé fún òjòlá yìí gan-an, ní ọ̀kánkán ilé ìsìn ńlá ti àwọn Kátólíìkì, a kì í sábà gbé oúnjẹ fún wọn lójú àwọn àlejò. A ń jẹ́ kí wọ́n jáde lóru láti lọ wá oúnjẹ fún ara wọn, bí ọ̀kan bá sì wọ ilé onílé, wọn a rọra gbé e padà. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà ejò náà.

Kí ìyá náà sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò pọ̀ fún òjòlá bí ó ti pọ̀ fún ènìyàn. Ara rẹ̀ kì í jó oúnjẹ láti mú ara gbóná bí tiwa. Abo tí ó yé ẹyin a ká ara rẹ̀ lé ẹyin náà lórí fún bí oṣù méjì, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun ní gbogbo àkókò náà. Akọ náà a máa fi oúnjẹ sílẹ̀ ní ìgbà gígùn. Àwọn àgbà kan ti gbààwẹ̀ ju ọdún kan lọ nínú àgò láìkú. Ti ọmọdé yàtọ̀, nítorí ọ̀rá ara rẹ̀ kò pọ̀. Òun ni a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n wá ìkòkò amọ̀ kékeré kan, kí wọ́n fọ́ ẹnu ọ̀nà sí i létí, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú àpótí náà. Kí ìkòkò náà má tóbi; bí ejò bá ká sínú rẹ̀, kí ara rẹ̀ kan ògiri. Méjì ni ó sàn jù, ọ̀kan ní apá tí ó gbóná, èkejì ní apá tí ó tutù. Kí wọ́n gbé àwo omi tí kò lè dànù síbẹ̀. Kí wọ́n fi aṣọ bo àpótí náà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀. Lẹ́yìn náà, fún ọjọ́ méje gbáko, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àní ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàápàá, àyàfi láti pààrọ̀ omi. A mọ̀ pé èyí ni yóò le jù fún un.

Ooru ṣe pàtàkì, nítorí ejò tí ara rẹ̀ tutù kò lè da oúnjẹ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní apá kan àpótí, ó yẹ kí ó tó ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 31 tàbí 32, ní apá kejì bí 26. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, Ìlọrin fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, òru a máa tutù púpọ̀, ejò tí ó sì wà lórí sìmẹ́ńtì ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kínní lè kọ oúnjẹ nítorí èyí nìkan. Bí iná mànàmáná kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n rọ omi gbígbóná sínú ìgò, kí wọ́n fi aṣọ wé e, kí wọ́n sì gbé e ti ẹ̀gbẹ́ àpótí láti ìta. Kí wọ́n má gbé àtùpà tàbí fìtílà sún mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje náà, ní alẹ́, nígbà tí ilé bá ti dákẹ́, kí wọ́n mú oúnjẹ wá. Kí ó má tóbi ju ibi tí ejò náà sanra jù lọ lára. Bí ọmọ adìyẹ ni, ọ̀kan tó. Bí eku ni, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n mọ ibi tí ó ti wá. A fi ọwọ́ lé èyí gidigidi: kí wọ́n má ṣe fún un ní èkúté tí a mú nínú ilé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò tí a ti ń fi májèlé pa èkúté, nítorí májèlé tí ó wà nínú ikùn èkúté náà yóò pa ejò pẹ̀lú. Kí ẹran náà ti kú kí wọ́n tó gbé e wọlé. Àwọn kan rò pé eku alààyè ni ó dára jù, wọn a sì sọ ọ́ sínú àpótí, wọn a lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, eku ni ó ti jẹ ejò lẹ́yìn títí dé egungun. Ejò tí ẹ̀rù ń bà kì í gbèjà ara rẹ̀.

Kí wọ́n ki eku tí ó ti kú náà, tàbí ọmọ adìyẹ náà, sínú ọ̀rá, kí wọ́n fi í sínú omi tí ó gbóná díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná bí ti alààyè, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n sì fi ẹ̀mú gígùn gbé e lọ sí ẹnu ihò ìkòkò, kí wọ́n máa mì í díẹ̀díẹ̀. Bí ejò bá yọ orí, tí ó ń yọ ahọ́n lọ́ra lọ́ra, kí ọwọ́ dúró. Bí ó bá fà sẹ́yìn, kí wọ́n fi oúnjẹ náà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n sì jáde kúrò nínú yàrá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò jẹ ẹ́, kí wọ́n kó o dànù, kí wọ́n má sì tún gbìyànjú títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé. Bí ó bá jẹ́ pé eku funfun nìkan ni wọ́n rí, kí wọ́n fi koríko inú ìtẹ́ eku pápá pa á lára kí ó lè mú òórùn rẹ̀. Bí ojú ejò náà bá ń funfun bí ẹni pé èéfín bò ó, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Kí wọ́n dúró dè é.

Kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ju gbogbo àròyé lọ. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró, ẹ̀mí rẹ̀ kò sí nínú ewu, bí ó tilẹ̀ kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ó bá dín ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, tàbí bí itọ́ ń fà lẹ́nu rẹ̀, tàbí bí ó ń mí pẹ̀lú ariwo, kí wọ́n má dúró mọ́. Ejò tí ó ti inú igbó wá sábà máa ń ní eégbọn lábẹ́ ìpẹ́ àti aràn nínú ikùn, ìwọ̀nyí nìkan sì lè mú kí ó kọ oúnjẹ. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko, ó sì ní ọgbà ẹranko pẹ̀lú. Ìlú tí irú èyí wà nínú rẹ̀ kò tíì pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ. Bí ó bá di pé a gbọ́dọ̀ fi ipá bọ́ ọ, oníṣègùn ẹranko ni kí ó ṣe é, nítorí ọ̀nà ọ̀fun ejò a máa ya, eyín rẹ̀ a sì máa kán sínú ẹran ẹnu rẹ̀ kí ó jẹrà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ìyá náà kò béèrè, ṣùgbọ́n tí a rò pé ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ejò náà wà níbẹ̀ rárá? Ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà gba irú òjòlá yìí kan ní ọdún 1961. Ní oṣù Keje ọdún 2020 ó yé ẹyin 7, nígbà tí wọ́n ṣírò pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò dín ní ọdún 62. Ẹni tí ó bá mú un wálé lónìí lè máa bọ́ ọ títí irun orí òun fúnra rẹ̀ yóò fi funfun, tàbí kí ìyá rẹ̀ máa bọ́ ọ nígbà tí òun bá lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín kù nínú igbó, nítorí ìṣòwò òkè òkun, nítorí oògùn, àti nítorí ìkòkò ọbẹ̀. Òjòlá wà lára àwọn ẹ̀dá tí àdéhùn àgbáyé CITES ń ṣọ́, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Ní èrò tiwa, bí ejò náà bá jẹ́ àgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì sí ejò mìíràn nínú ilé tí ó lè kó àrùn ràn án, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ọdẹ náà rí, kí ó béèrè ibi tí ó ti mú un, kí ó sì gbé e padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ooru mú. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, kí ó kọ́kọ́ jẹun ní ilé kí ara rẹ̀ lè le.

Bí ó bá gbé oúnjẹ àkọ́kọ́ náà mì, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì, kí ó má baà pọ̀ ọ́. Ọmọ ejò a máa jẹun ní ọjọ́ méje méje; àgbà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kí ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n má sì fọ àwo omi rẹ̀ níbi tí a ti ń fọ abọ́ oúnjẹ, nítorí kòkòrò tí ń fa inú rírun a máa wà lára ejò tí ara rẹ̀ le pàápàá. Ní ti ìbéèrè ìyá náà tí ó kẹ́yìn, bóyá ó lè jáde lóru wá sórí ibùsùn: ó lè jáde, bí ìdérí àpótí kò bá le. Kí wọ́n fi ìdè sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òkúta tí a gbé lé e lórí kò tó.